Ìbéèrè Ẹnu Géètì

Ará Kútọnu ni wọ́n ń pè mí ní Àkúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, n kò sì sun ibẹ̀ mọ́jú lẹ́ẹ̀kan nínú méjèèjì. Sábẹ ni ìlú mi, ní òdìkejì ibodè. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti lè sọdá ibodè yẹn wá síhìn-ín, Kútọnu ló ti wá nìyẹn, kò sí ìlú mìíràn níbẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ náà.

Ọkọ mi ló kú ní Sábẹ, àwọn ẹbí rẹ̀ sì kó ẹrù mi síta. Ìyẹn tó gẹ́gẹ́ bí ìdí tí mo fi kúrò nílé. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá báyìí.

Èdè ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Mo ti rò ó pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò lè di àjèjì níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ilé oúnjẹ kan ní Arákale ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, abọ́ ni mo ń fọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá wa obìnrin bi wá ní ohun tó tán nílé ìdáná, mo dáhùn pé kí wọ́n ra pàlátò ẹyin méjì. Pàlátò ni àwa ń pe ohun tí wọ́n ń to ẹyin sí, àwọn Faransé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rán èèyàn lọ sọ́jà, wọ́n ra àwo pẹrẹsẹ méjì wá, olódòdó, ó fẹ̀ tó àtẹ. Ó gbé e ka iwájú mi, ó ní ẹyin dà. Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo padà sídìí abọ́. Àtìgbà náà ni mo ti ń sọ pé kíréètì.

Bàbá onílé mi àkọ́kọ́, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, a máa kí mi ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ti oko dé pé, "Ẹ kú ulé o." Ó tó oṣù kan tí n kò fi dáhùn dáadáa, nítorí n kò mọ ohun tó ń jẹ́ ulé, mo rò pé ó ń wá nǹkan lọ́wọ́ mi. Ilé ló ń wí. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé pé ìyá Kútọnu yìí, kò ní ọ̀yàyà.

Ẹni tó bá dá wà ní ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀ ní àwáwí. Èmi kò ní. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀, mo gbọ́ àdúrà wọn, mo gbọ́ àwàdà wọn, títí kan èyí tí wọ́n ń fi mí ṣe. Síbẹ̀, tí mo bá tilẹ̀kùn yàrá mi nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó lè di àárọ̀ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn máàsì, ni mo máa ń pe ìyá mi. Wọ́n á ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Èmi á ní, "Àlàáfíà ni, Ìyá." Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ tí n kò lè gbé ife omi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Mo sọ ọ́ nígbà tí òjò ṣí òrùlé kúrò lórí mi tí mo wà lábẹ́ tapólì. Gbogbo ẹni tó wà nídàálẹ̀ ló ń pa irú irọ́ yìí, a sì ń pè é ní ìfẹ́. Tèmi wá mọ́ mi lẹ́nu débi pé n kì í ronú kí n tó pa á.

Adìẹ ló sọ mí di èèyàn. Mo ti kúrò ní Arákale nígbà náà, mo ń bá ìdílé kan tọ́jú ilé ní Ìjàpọ̀, mo sì ti rí yàrá kan gbà ní Ọ̀bà-Ilé, tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ìdílé náà ń kó lọ sí Àbújá, wọ́n fi adìẹ mẹ́fà àti àgò wọn ta mí lọ́rẹ. N kò tọ́jú adìẹ rí. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, mo ń ju ewé ẹ̀fọ́ tútù sí wọn, ni ohùn kan bá ti orí ògiri aládùúgbò dún:

"Ìwọ yìí! Adìẹ tó ń ya ìgbẹ́ olómi lo ń fún ní ẹ̀fọ́ tútù? Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Màmá Tíṣà nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìlú Oǹdó ni wọ́n, ọkọ wọn sì ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ẹ̀yìnkùlé tiwọn ni wọ́n ti ń sin òpìpì, adìẹ ìbílẹ̀ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó nǹkan, tí kì í lè fò. Ọkọ wọn ló kó wọn jọ. Ó fi bí ogún ọdún wá wọn kiri abúlé, ó ń yan èyí tó dáa nínú ọmọ wọn, títí ó fi ní irú kan tí àyà rẹ̀ pupa bí epo. Kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Tí Màmá bá ń da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á máa bá wọn sọ èdè Oǹdó, èyí tí wọn kì í bá èmi sọ. N kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkọ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Màmá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ imú adìẹ wò, bí wọ́n ṣe ń da eérú sí ibi tí àwọn adìẹ ti ń yí eruku, bí wọ́n ṣe ń mọ abo tó fẹ́ sàba. Lọ́jọ́ tí mo mú ẹyin mi àkọ́kọ́, mo gbé e lọ sí ara ògiri bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Màmá gbà á, wọ́n fi sí etí, wọ́n mì í, wọ́n ní, "O kì í ṣe ọ̀dẹ̀ bí mo ṣe rò." Inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ náà. Láàárín ọdún méjì, adìẹ mi di ọgbọ̀n, àwọn aládùúgbò sì ń rán ọmọ wá ra ẹyin lọ́wọ́ mi.

Ẹnì kẹta wa ni Bàbá Ìkàrẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní òpópónà kejì. Adìẹ ẹlẹ́yin inú àgò onírin ni tirẹ̀. Bó bá ti rí mi, á ní, "Kútọnu, ẹ̀yin lẹ ń kó adìẹ inú yìnyín wọlé tí wọn ò fi ra tiwa lọ́jà mọ́!" Mo máa ń dá a lóhùn pé èmi ni mo jókòó lé wọn lórí láti ibodè dé Àkúrẹ́, ìdí mi ṣì tutù. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀.

Òun ló dá òfin ẹnu géètì sílẹ̀. Ní ọdún kan, adìẹ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú tán, ó sì lọ kí i kú àdánù bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí ṣe. Bàtà tó wọ̀ lọ ló wọ̀ wọ ọ̀dọ̀ adìẹ tirẹ̀ nígbà tó dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tán kí tirẹ̀ tó kú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá dé ilé ẹnìkejì kò gbọdọ̀ wọlé. Á dúró ní ẹnu géètì, á béèrè pé, "Ṣé wọ́n jẹun?" Tí onílé bá ní, "Wọ́n jẹun," àlejò á wọlé. Tó bá ní, "Wọn ò jẹun," àlejò á yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò ní mu omi, kò ní jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Orí fóònù la ó ti kí ara wa.

Àwọn èèyàn máa ń wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ní ìlú tí wọ́n ti ń sáré lọ kí ẹni tí nǹkan ṣe, àwa ń sá fún un. Èmi gan-an kò fẹ́ràn òfin náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí rẹ̀, mo sì pa á mọ́ fún ọdún mẹ́fà.

Màmá fẹ̀yìn tì, wọ́n kó àwọn òpìpì sínú agbọ̀n méjì, wọ́n padà sí ilé ọkọ wọn ní Oǹdó. Mo wà nídìí ọkọ̀ náà títí ó fi lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ní Sátidé kan lóṣooṣù ni wọ́n ń wá sí Àkúrẹ́ fún ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá sì ti parí, ọ̀dọ̀ mi ni. Mo máa ń gún iyán. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí n má parọ́.

Ní ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo pe ìyá mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé e, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo dárúkọ ara mi. Wọ́n ní rárá, ọmọ àwọn kì í sọ̀rọ̀ báyìí, ohùn ará Nàìjíríà lèyí, kí ni mo ń wá. Mo tún dárúkọ. Mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá mi ní kí olè má pe àwọn mọ́, wọ́n sì gé e.

Mo tún pè lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́rú, bákan náà ló rí. Àbúrò mi ní ọjọ́ ogbó ti dé sí wọn, kí n má fi ṣe nǹkan kan. Níbí, ohùn mi jẹ́ ti Kútọnu. Lọ́hùn-ún, ó ti di ti Nàìjíríà. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo ń sọ̀rọ̀ fún ara mi sókè kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́ gan-an ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo dì mú ni pé Màmá Tíṣà ń bọ̀ ní Sátidé.

Láàárọ̀ Sátidé náà, mo gbé oúnjẹ lọ fún àwọn adìẹ. Mẹ́ta kò wá. Wọ́n dúró sí igun, wọ́n wú ìyẹ́, wọ́n di ojú, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé sì wà lábẹ́ wọn. Mo sọ fún ara mi pé ooru ni. Mo mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi agbọ̀n dé wọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo da aṣọ bò ó. Ẹni tó bá rò pé ooru ni kì í da aṣọ bo adìẹ. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ní ọ̀sán, Màmá dé. Wọ́n gbé gàrí dání nínú ọ̀rá, wọ́n sì dúró ní ẹnu géètì gẹ́gẹ́ bí òfin wa.

"Ṣé wọ́n jẹun?"

Tí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á gbé gàrí náà sílẹ̀, wọ́n á yí padà sí Oǹdó, èmi á sì wọlé lọ jókòó ti iyán ẹni méjì. Mo wo ojú wọn. Òógùn ń ṣàn lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Wọ́n jẹun, Màmá. Ẹ wọlé."

A jẹun. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn, mo sunkún bí ọmọdé. Màmá fi ọwọ́ sí mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ohùn rẹ kọ́ ló yí padà, etí ìyá rẹ ló ti darúgbó. Ṣé o rí etí, òun náà ń dàgbà. Èmi ń gbọ́ ọ, ohùn rẹ ni." Kò sí ẹni tó ti bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ yìí. N kò kábàámọ̀ irọ́ mi rárá ní wákàtí yẹn, n kò ní fi pamọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n ní, "Jẹ́ kí n wo àwọn ọmọ mi." Mo lè sọ pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Mo tilẹ̀kùn ẹnu mi. Màmá wọ ọ̀dọ̀ àwọn adìẹ pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n gbé abo kan, wọ́n yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò, wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn nílò kíréètì ẹyin méjì. Èmi fúnra mi ni mo mú un fún wọn, mo sì sin wọ́n dé ibi ọkọ̀.

Àwọn mẹ́ta náà kú láàárọ̀ Ìsinmi. Lọ́jọ́ Ajé, ọrùn àwọn mìíràn ti ń lọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń yí po lórí ibì kan. Àrùn lùkúlùkú ni, ẹnikẹ́ni tó ń sin adìẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, mo ti sin gbogbo ọgbọ̀n. Ẹgbẹ́ ògiri ni mo gbẹ́ ilẹ̀ sí, ọwọ́ mi sì bó.

Bàbá Ìkàrẹ́ dé ẹnu géètì lọ́jọ́ kejì. "Ṣé wọ́n jẹun?"

"Wọn ò jẹun. Kò sí èyí tó kù."

Ó fà sẹ́yìn dé òdìkejì òpópónà, ó ń kí mi láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá Tíṣà wá síbí ní Sátidé, àbí?"

"Wọ́n wá."

"Ṣé wọ́n ṣì ń jẹun nígbà yẹn?"

"Wọ́n ń jẹun," ni mo wí.

Màmá pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ohùn wọn kéré. Òpìpì mẹ́rin ti kú, àwọn tó kù kò lè dìde. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á," ni wọ́n wí. "Àkùkọ kan ni mo rà lọ́jà níjẹta, ó wù mí lójú. Ojúkòkòrò ni. Má wá o. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ wá, má wá, kí o má lọ gbé e padà bá tìẹ. Àwọn tìẹ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun. Kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ láéláé."

Wọ́n ń pè ní ọjọ́ mélòó kan síra wọn. Méje ló kù. Méjì ló kù. Àkùkọ ọkọ wọn tó dàgbà jù ló kẹ́yìn, Màmá fi ṣíbí fún un lómi títí. Lẹ́yìn ìyẹn wọn kò pè mọ́. Mo ń pè, wọn kì í gbé e.

Bàbá Ìkàrẹ́ ló tún wá, ó dúró níta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí adìẹ lọ́dọ̀ mi mọ́. Kò ṣe àwàdà kankan. Ó ní, "N kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo bá Màmá sọ̀rọ̀ lánàá. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ní àwọn làwọn pa ohun tí ọkọ àwọn fi ayé rẹ̀ kó jọ. Ẹni tó bá mọ nǹkan mìíràn, kó lọ sọ ọ́ fún wọn." Ó lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Mo bá Màmá ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fi omi ọṣẹ fọ ibi tí àwọn adìẹ ń gbé. Wọ́n ti fọ abọ́, wọ́n ti fọ ògiri, wọ́n ti da ẹfun sílẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan, èyí tí wọ́n yọ gbé wá láti Ọ̀bà-Ilé, ni wọn kò fọwọ́ kàn. Ọkọ wọn a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí abo kọ̀ọ̀kan sàba sí ara ilẹ̀kùn náà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kún láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Màmá rí mi, wọ́n bú sẹ́kún. "Mo ní kí o má wá. Kí ló dé tí o ò gbọ́ràn? O fẹ́ gbé e lọ bá tìẹ?"

Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Màmá, kò sí tèmi mọ́. Tèmi ló kọ́kọ́ kú. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ tí ẹ wá. Mẹ́ta ni. Mo fi agbọ̀n dé wọn."

Wọ́n wò mí. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ wọlé ni. Kì í ṣe àkùkọ ọjà. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Mo ti rò pé wọ́n á pariwo, pé wọ́n á gbá mi létí. Mo ti ń fẹ́ ẹ. Màmá ti àkísà bọ omi, wọ́n fún un, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún láti òkè. Wọ́n rọra ń nù ún. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí gbogbo ṣọ́ọ̀kì náà fi tán lára igi. Nígbà náà ni wọ́n fi ìró nu ọwọ́, ohùn wọn sì tutù, kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ tètè máa lọ kí ọkọ̀ má baà ṣòro fún yín."

Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó wọlé bá wa. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.